Ẹ Má Fi Lẹ́tà Méjì Lé Dókítà Sẹ́yìn

Òkè òkun ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ dá sí lónìí ti ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa wà nínú rẹ̀. Oríṣi ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn méjì ló wà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá jáde nínú ọ̀kan á gba oyè MD, ẹni tó bá jáde ní ti osteopathy á gba DO. Ẹ̀tọ́ kan náà ni ìwé àṣẹ fún àwọn méjèèjì ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50: wọ́n jọ ń kọ oògùn, wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Bí a bá ka akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn mẹ́rin níbẹ̀ lónìí, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti osteopathy. Síbẹ̀, bí DO bá lóun fẹ́ gba rẹ́sídẹ́ǹsì (ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí dókítà bá ti gboyè) nínú ìṣègùn awọ ara, ojú rẹ̀ á rí màbo.

Kí àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù má ṣì wá gbọ́ o. Osteopath ti ọ̀dọ̀ tiwọn, tó ń fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn àti oríkèé fúnni, kì í ṣe dókítà tó ń kọ oògùn. Ti Amẹ́ríkà kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yẹn náà, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ mọ́ gbogbo ìmọ̀ ìṣègùn yòókù ni. Ìyá tó ń bi ọmọ rẹ̀ pé, “Ṣé dókítà gidi ni wọ́n á máa pè ọ́ ṣá?” lè fọkàn balẹ̀.

Ìfojú-tín-ín-rín yìí ti pẹ́. Láti 1892 tí Andrew Taylor Still ti dá ilé ẹ̀kọ́ osteopathy àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Kirksville, ìpínlẹ̀ Missouri, ni wọ́n ti ń bá a yí. Ó di 1966 kí iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà tó gbà wọ́n wọlé ní dókítà. Ti California ló pa wá lẹ́rìn-ín jù. Ní 1962, wọ́n ní kí àwọn DO ibẹ̀ mú dọ́là 65 wá kí wọ́n lè gba oyè MD, wọ́n sì fòfin de fífún DO tuntun níwèé àṣẹ, àfìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá ẹ̀tọ́ wọn padà ní 1974. Bí ìmọ̀ wọn kò bá pé tẹ́lẹ̀, ṣé dọ́là 65 ló wá mú un pé?

Lóòótọ́, àyè ìṣègùn awọ ara ṣọ̀wọ́n. Ó lé díẹ̀ ní 500 lọ́dún káàkiri Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn mìíràn kì í sì í mú ju ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Owó wà nínú iṣẹ́ náà, wọn kì í sábà jí dókítà awọ ara lóru, nítorí náà àwọn tórí wọn pé jù ló ń dù ú. Tẹ́lẹ̀ rí, osteopathy ní rẹ́sídẹ́ǹsì awọ ara tirẹ̀, fún DO nìkan. Ní 2014, AOA tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn DO fẹnu kò pẹ̀lú ACGME, àjọ tó ń bójú tó rẹ́sídẹ́ǹsì àwọn MD, pé kí gbogbo rẹ́sídẹ́ǹsì wà lábẹ́ àkóso kan ṣoṣo, iṣẹ́ náà sì parí ní oṣù Kẹfà 2020. Ó dà bí ìgbà tí a ní kí gbogbo ará ilé máa jẹun nínú àwo kan: ẹni tó ní àwo tirẹ̀ da tirẹ̀ sí i, wọ́n wá ní kó jókòó sẹ́yìn. MD lè gba àyè tó jẹ́ ti DO nígbà kan rí. DO tó gba àyè tó jẹ́ ti MD láti ìbẹ̀rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ wo ohun tójú akẹ́kọ̀ọ́ kan ń rí. Ìdánwò COMLEX ni wọ́n fi ń fún DO níwèé àṣẹ, kò lè yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n USMLE ti àwọn MD ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fẹ́ rí, nítorí náà á ṣe ìyẹn náà: owó ìdánwò lọ́nà méjì, òru àìsùn lọ́nà méjì, lórí ọkàn kan náà àti kíndìnrín kan náà. Láti oṣù Kíní 2022 tí Step 1, ìyẹn apá kìíní USMLE, kò ti fún ẹnikẹ́ni ní máàkì mọ́, àfi kí wọ́n ní o yege tàbí o kò yege, Step 2, ìyẹn apá kejì, ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ osteopathy kò sì ní ilé ìwòsàn tara wọn, kí á má tíì sọ ẹ̀ka awọ ara. Ta ni yóò wá kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí tí rẹ́sídẹ́ǹsì ń béèrè fún ọmọ náà? Á di ẹrù rẹ̀, á háyà yàrá ní ìlú tí kò mọ ẹnì kankan, á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣiṣẹ́ àlejò níbẹ̀ kí wọ́n lè dá ojú rẹ̀ mọ̀, á tún kó lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀gá tí yóò kọ ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ MD wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Àwọn ilé ìwòsàn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé ló ń dé fún àyè mẹ́ta, àfi kí àwọn fi nǹkan kan sẹ́ ẹ. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi máàkì, ìwádìí àti ìwà sẹ́ ẹ. Ẹni tó fi lẹ́tà ẹ̀yìn orúkọ sẹ́ ẹ, ọ̀lẹ ló ṣe. Èyí tó burú jù ni pé wọn kì í sọ ọ́ síta. Akẹ́kọ̀ọ́ ń sanwó lórí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan tó bá kọ̀wé sí. Àmì wúrà 3 àti fàdákà 25 ló ní láti fi sọ ibi tó wù ú jù nínú ìṣègùn awọ ara, ó sì lè fi wúrà kan ṣòfò sórí ibi tí wọn kò ní ṣí fáìlì rẹ̀ wò láé.

Ì bá ṣe owó àpò wọn ni, à bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n Medicare, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí owó àwọn tó ń san owó orí wà nínú rẹ̀, ló ń gbé bílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀ lọ́dọọdún fún rẹ́sídẹ́ǹsì. Àwọn DO tó ń san owó orí wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbé abúlé wà níbẹ̀. Pikeville ní Kentucky, láàárín òkè ńláńlá, ní ilé ẹ̀kọ́ osteopathy; irú agbègbè bẹ́ẹ̀ ni dókítà awọ ara ti ṣọ̀wọ́n jù. Àwa adúláwọ̀ náà ní tiwa níbẹ̀. Nínú 100 dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà, bíi mẹ́ta péré ló jẹ́ adúláwọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń pọ́n lára òyìnbó lè dúdú rẹ́súrẹ́sú lára wa, kí ẹni tí kò rí i rí sì sọ pé kò sí nǹkan kan. Ọmọ wa tó bá gba DO, tó sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, kò yẹ kí wọ́n tún fi ilẹ̀kùn kejì há a mọ́ta.

Ìdí nìyí tí a fi wà lẹ́yìn àbá òfin FAIR tí wọ́n gbé wá sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 2023, tí kò tíì di òfin. Kò ní kí wọ́n fi àyè kankan pamọ́ fún DO. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ilé ìwòsàn tó ń gba owó Medicare sọ iye DO àti MD tó kọ̀wé àti iye tó mú, kí ó sì gba COMLEX gẹ́gẹ́ bí ìdánwò tó tó.

Àwọn olórí osteopathy náà kò mọ́ o. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ti lé ní 40, tuntun sì ń yọ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe kékeré. Kí wọ́n mú nínú rẹ̀ dá ẹ̀ka awọ ara sílẹ̀ kí wọ́n tó tún ṣí ẹnu ọ̀nà mìíràn.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń dìbò ní Houston, ní Maryland, ní Atlanta, ẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n dúró sí lórí FAIR.