Ibi tó dúdú lójú ọ̀run kì í ṣe òfìfo

Ọ̀pọ̀ wa la ti gbà pé ibi tí ojú bá ti rí òkùnkùn lójú ọ̀run lálẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ pàápàá, ó sì ń dùn mí, torí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gerry Neugebauer, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n bí ní Göttingen ní Jámánì lọ́dún 1932 tó sì dàgbà sí Amẹ́ríkà, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí ohun tó wà nínú òkùnkùn yẹn.

Ẹ yọ áyọ́ọ̀nù gbígbóná kúrò lára iná, kí ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ ọn láì fọwọ́ kàn án. Ojú ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ara ti mọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ooru yẹn náà, ìgbì rẹ̀ ló gùn ju èyí tójú lè rí lọ. Ínfúrárẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń pè é. Eruku tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ ló ń dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí; ínfúrárẹ́ẹ̀dì ń rí ọ̀nà gbà kọjá.

Lọ́dún 1962, ẹ̀rọ tí Neugebauer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe wà nínú Mariner 2, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tó kọjá lẹ́bàá Àgùàlà, ó sì wọn ooru ìkùukùu Àgùàlà, Àgùàlà kan náà tí ń bá oṣù rìn tí wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni.

Èyí tó wù mí jù nìyí. Robert Leighton, tí wọ́n jọ wà ní Caltech, yunifásítì kan ní California, da gọ́ọ̀mù epoxy sínú àwo alumíníọ̀mù fífẹ̀, ó sì ń yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí ó fi gan. Ohun olómi tó bá ń yí bẹ́ẹ̀, àárín rẹ̀ á jìn fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí ojú tẹlisíkóòpù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run, tó fẹ̀ tó ínṣì 62 nìyẹn. Orí òkè Mount Wilson ni wọ́n gbé e sí. Nígbà tí wọ́n tẹ àkójọ ohun tí wọ́n rí tó ń tan ínfúrárẹ́ẹ̀dì lójú ọ̀run jáde lọ́dún 1969, ohun 5,612 ló wà nínú rẹ̀.

Àárín gbùngbùn Milky Way ńkọ́, agbo ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà? Eruku bò ó débi pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dún 1966, Eric Becklin, akẹ́kọ̀ọ́ Neugebauer, dojú ẹ̀rọ kọ ọ́. Ibẹ̀ ń tàn yòò. Ìràwọ̀ ṣù bò ó bí eṣú.

Lọ́dún 1983, wọ́n fi tẹlisíkóòpù IRAS ránṣẹ́ sójú òfurufú, Neugebauer sì ni olórí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà lórí iṣẹ́ náà. Ohun tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń tan ínfúrárẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀, torí náà helium olómi, gáàsì tí wọ́n sọ di olómi tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, ni wọ́n fi ń mú tẹlisíkóòpù náà tutù. Ohun tó rí lé ní 200,000. Nígbà tí helium tán nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ara tẹlisíkóòpù náà móoru, ooru ara rẹ̀ sì bò ó lójú.