Àwòrán Yíyà Kì Í Ṣe Ẹ̀bùn Àbínibí Nìkan

Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Abẹ́òkúta léèrè ìdí tí wọn kò fi yan iṣẹ́ ọnà nígbà tí wọ́n wọ kíláàsì àgbà, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Wọn ò bí i mọ́ mi." Ọ̀pọ̀ òbí gbà bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ mìíràn sì gbà bẹ́ẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ṣeni ní kàyéfì pé ìlú aládìrẹ ni ó ti rẹ́sẹ̀ walẹ̀ tó báyìí.

Ẹni tí ó ń kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kì í ti orí àrà tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yóò pín aṣọ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, yóò sì máa fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ti yà ṣáájú, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dúró, tí yóò lè yà á láìwo ti ẹlòmíràn. Èmi kò tíì gbọ́ pé ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, lé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ padà nítorí pé wọn kò bí iṣẹ́ náà mọ́ ọn.

Ẹnìkan lè ní ti àwọn tí a bí sí ìdílé ọnà yàtọ̀. Ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n bí Lamidi Fákẹ́yẹ sí, baba rẹ̀ sì kọ́ ọ níṣẹ́. Síbẹ̀, ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ agbẹ́gilére mìíràn, Bándélé, ọmọ Aréògún, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Aina Ọnàbólú, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, ti ń ya àwòrán ènìyàn dáadáa kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 láti lọ kọ́ ọ sí i. Nígbà tí ó padà dé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó ní ọ̀nà tí a fi ń ya ohun tí ó jìnnà kí ó lè jọ ohun tí ó jìnnà lóòótọ́. Ìlànà ni ó fi kọ́ wọn.

Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ. Bí ọmọ tí kò tíì kọ́ àwòrán bá ya orí ènìyàn, òkè pátápátá níbi iwájú orí ni ó máa ń gbé ojú sí. Ẹ sọ fún un pé agbedeméjì àtàrí àti àgbọ̀n ni ojú wà, kí ó fi pẹ́ńsù wọ̀n ọ́n lójú ẹnìkejì rẹ̀. Àwòrán tí yóò tún yà lẹ́yìn náà yóò yàtọ̀ gedegbe.

N kò sọ pé ẹ̀bùn kò sí o. Ọwọ́ àwọn ọmọ kan yá ju ti àwọn mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n bákan náà ni ó rí nínú ìṣirò, a kò sì torí rẹ̀ gba ọmọ láyè láti pa ìṣirò tì. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kíláàsì ni pé olùkọ́ yóò kọ nóòtì sójú pátákó títí agogo yóò fi lù, yóò ní kí wọ́n lọ ya àwòrán wá láti ilé, yóò sì yin ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ́ nílé. Àwọn tó kù á gbà pé àwọn kò lè ṣe é. Òbí tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun kò lè yàwòrán, kí ó ṣí ìwé iṣẹ́ ọnà ọmọ náà wò: bí nóòtì bá kún inú rẹ̀, tí àwòrán kò sì pé márùn-ún, a kò tíì kọ́ ọmọ náà ni.