Àtúnṣe: Wíwọlé lẹ́ẹ̀kan kò túmọ̀ sí pé áàpù lè ka ímeèlì yín

Ẹnì kan kọ ọ́ pé tí òṣìṣẹ́ bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan sórí áàpù ilé-iṣẹ́, áàpù náà á lè ka ímeèlì rẹ̀ lórí sáfà Exchange (sáfà ímeèlì ti Microsoft) tó wà nínú ọgbà wọn, láìsí ètò mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì Kerberos (ẹ̀rí tó ń fi ẹni tí òṣìṣẹ́ jẹ́ hàn) tí bíráwúsà fi ránṣẹ́, áàpù yẹn nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Exchange kò ní gbà á. NTLM, ọ̀nà ìwọlé àtijọ́ ti Windows, tiẹ̀ burú jù, kò ṣeé gbé kọjá sí sáfà kejì rárá. Àfi kí alábòójútó Active Directory (ibi tí àkáǹtì àwọn òṣìṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wà) kọ́kọ́ fún áàpù náà láṣẹ láti ṣojú òṣìṣẹ́ níwájú Exchange, kó má sì kọjá ibẹ̀. Constrained delegation ni wọ́n ń pè é, ó ti wà láti Windows Server 2003.

Àwọn kan máa ń fún áàpù ní ApplicationImpersonation, àṣẹ inú Exchange tó ń jẹ́ kí áàpù ṣe bí ẹni tó ni ímeèlì. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ tí ẹ kò bá pààlà sí i, áàpù á lè ka ímeèlì gbogbo èèyàn, títí kan ti ọ̀gá àgbà. Èmi ò ní gbà á láyè. Tí ẹ bá ti ṣe delegation tí kò ṣiṣẹ́, ẹ yẹ SPN (orúkọ tí Kerberos fi ń dá áàpù tàbí sáfà mọ̀) wò ná.