Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà, Ṣùgbọ́n Kí Ni Ẹrù Orí Rẹ?

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè mí sí ilé rẹ̀ ní Ìlọrin. Mo bá òun àti àkọ́bí rẹ̀ ní pálọ̀, ọ̀kan kọjú sí ògiri, èkejì tẹjú mọ́lẹ̀. Ọmọ náà ti parí ọdún kẹta nínú ọdún mẹ́rin tí yóò fi kọ́ ẹ̀kọ́ Físíìsì ní yunifásítì, ó sì ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kò padà lọ mọ́, pé iṣẹ́ iná sólà ni òun fẹ́ lọ kọ́. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, òwe ló fi dá mi lóhùn. Ó ní, "Bàbá Kékeré, ọ̀nà kan kò wọ ọjà."

Òwe náà tọ̀nà, kò sì sí àgbà tí yóò gbọ́ ọ tí yóò jiyàn. Ṣùgbọ́n òwe tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ló máa ń rọrùn láti lò nílòkulò, mo sì fẹ́ tú èyí palẹ̀ nítorí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìkan kọ́ ló ń fi í bojú.

Ọjà ni ẹni tó dá òwe yìí sílẹ̀ ń lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi Ọjà Ọba ní Ìlọrin níbí ṣe àpẹẹrẹ: ẹni tó ti Òkèlele bọ̀, ẹni tó ti Gàmbàrí bọ̀ àti ẹni tó gba ọ̀nà Táíwò, ojú ọ̀nà wọn kò papọ̀, síbẹ̀ wọ́n lè pàdé nídìí àtẹ kan náà. Ọjà dúró sójú kan, ọ̀nà ló pọ̀. Òdìkejì èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ń ṣe, nítorí wọ́n á pa ọ̀nà dà lẹ́ẹ̀mẹta láìtíì mọ ọjà tí wọ́n ń lọ ná. Ohun kan sì tún wà tí òwe náà kò sọ jáde, ṣùgbọ́n tí àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní àdúgbò Dada ní Ìlọrin mọ̀ dájú: ẹni tó ru ìkòkò kì í gba ibi tí ẹni tó ń mi apá lásán lè gbà. Ọ̀nà àbùjá olókùúta yá fún ẹni tí kò ru nǹkan. Bí alámọ̀ bá gbà á, àfọ́kù ni yóò pàtẹ. Nítorí náà, n kò bi ọmọ náà pé èwo ló dára jù nínú yunifásítì àti iṣẹ́ ọwọ́. Mo ní, "Kí ni ẹrù orí rẹ?"

Ó ní òun kò ru nǹkan kan, pé ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn kò kan wáyà rárá. Mo wá bi í pé bí bátìrì olójé kan bá jẹ́ 12 fóòtì àti 200 áḿpù-wákàtí, iná mélòó ni yóò gbà sínú. Kò tíì gbé bírò tó fi dáhùn pé 12 lọ́nà 200, 2,400 wáàtì-wákàtí ni. Mo ní ṣé gbogbo rẹ̀ ni oníbàárà yóò rí lò? Ó rò ó díẹ̀, ó ní rárá, pé bí a bá ń fà á kọjá ìdajì lójoojúmọ́, bátìrì náà kò ní pẹ́ kú, nítorí náà kí á gbẹ́kẹ̀ lé 1,200. Ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀ tí iná sólà wọn kì í dé ìdájí, ìṣirò yìí ni ẹni tó bá wọn ṣe é kò mọ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kan páànẹ̀lì mọ́ òrùlé, ó mọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà pọ̀ mọ́ ínfátà tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹrù tí ọmọ yìí pè ní asán gan-an ni ọjà tó ń lọ ń wá.

N kò sì sọ pé ọjà ọ̀hún kò sí. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù, jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí ènìyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó tàn án. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Báńdì A, ìyẹn àwọn tí iléeṣẹ́ iná ń fún ní iná jù, tún fò sókè. Ta ni kò ní wojú oòrùn? Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rẹ́nìkan. Ṣebí ojú wa níbí ni fóònù alágbèéká ṣe dé ní 2001, tí àwọn tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn kún gbogbo ìkóríta? Agboòrùn ti kúrò nílẹ̀. Àwọn tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú fóònù palẹ̀ tí wọ́n sì ń tún un ṣe ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn títí dòní, nítorí pé wọ́n mọ iṣẹ́ náà dé gbòǹgbò.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó ń dùn ún kò jọ mọ́ bátìrì. Ó ní kí ni òun yóò sọ fún àwọn ará mọ́sáláṣí tí wọ́n ti bá òun ṣàdúà lọ́jọ́ tí ọmọ wọlé. Mo gba ti ìtìjú rẹ̀ rò, ṣùgbọ́n n kò gbè é lẹ́yìn. Kí yunifásítì tó dé Ìlọrin ní 1975, aṣọ òkè híhun àti ìkòkò mímọ ti ń bọ́ agboolé káàkiri ìlú yìí, kò sì sẹ́ni tó ń pe ahunṣọ ní ẹni tí kò kàwé yege. Ìlànà ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1982 pàápàá fi àyè sílẹ̀ pé bí ọmọ bá lo ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tán ní girama, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́, ó lè yà sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Àwa òbí ni a sọ ọ̀nà yẹn di ibi tí à ń da ọmọ tó fìdí rẹmi sí, tí a sì wá ń ṣe kàyéfì pé kò sí bíríkìlà gidi nílùú mọ́.

Mo ti rí ẹni tó yẹ kó lọ, tó sì lọ. Ọmọbìnrin kan wà ní Òmù-Àrán tó ti ń rán aṣọ fún àwọn aládùúgbò láti ìgbà tó wà ní girama. Ẹ̀kọ́ tí kò fìgbà kan béèrè ni yunifásítì fún un, kò sì tíì lò ju ọdún kan lọ tó fi rí i pé ọjà òun kò sí níbẹ̀. Ó kọ̀wé, ó gba èsì ìdánwò ọdún kan náà sọ́wọ́, ó sì lọ fara balẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Òun náà ti ní ọmọ iṣẹ́ báyìí. Ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ nígbà tó yà, ọdún kan péré ni. Ẹni tó ti lo mẹ́ta nínú mẹ́rin ńkọ́? Àwọn àgbà béèrè pé ẹni tó fi ọdún mẹ́ta ṣánpá, ọdún mélòó ni yóò fi fò?

Mo tún bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bóyá ọ̀nà ni kò dára tàbí ẹsẹ̀ ló ń ro ó. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá jẹ́wọ́ pé òun ní kárí-ófà méjì, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí òun fìdí rẹmi tí òun gbọ́dọ̀ tún ṣe, tí bàbá òun kò sì mọ̀. Bàbá rẹ̀ yíjú padà láti ara ògiri. Mo ní àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má rò pé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ni ibi ìsinmi. Ọmọ iṣẹ́ ń gbálẹ̀, ó ń ra oúnjẹ fún ọ̀gá, ó lè lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta láìgba owó oṣù, owó fúrídọ̀mù, ayẹyẹ ìgbòmìnira ọmọ iṣẹ́, á sì tún ń dúró dè é lópin rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ wà nínú iṣẹ́ kan, kí ó má bi ọ̀gá, nítorí ọ̀gá ń wá ọmọ iṣẹ́. Àwọn tó ṣe fúrídọ̀mù ní ọdún méjì sẹ́yìn ni kí ó lọ wò, kí ó rí bóyá wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tàbí wọ́n ti ń gun ọ̀kadà.

Mo fẹ́ kí àwọn òbí tó ń ka èyí mọ̀ pé àwọn ọ̀nà náà já síra wọn ju bí a ti rò lọ. Ẹni tó lo ọdún méjì ní Kwara Poly tàbí ní Poly Ọ̀fà tó sì gba OND pẹ̀lú èsì tó dára lè gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́dọ̀ JAMB, kó wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ìjọba Kwara ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ kan sí Àjàṣẹ́-Ìpo. NABTEB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá lásán lè jókòó fún ìdánwò Trade Test láti ipele kẹta dé ìkíní. Bí ọkàn ọmọ bá sì pín sí méjì, kí ó kọ̀wé pé òun fẹ́ dá ẹ̀kọ́ dúró fún sáà kan kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó kàn pòórá láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ìlẹ̀kùn tí kò tì ni wọ́n á bá a tì.

Ọ̀rọ̀ ti ọmọ yìí kò gba sáà kan pàápàá. SIWES, ètò ìṣiṣẹ́mọ̀ọ́ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 1973, kù tí kò tíì ṣe, ó sì ti ní in lọ́kàn láti lọ fi oṣù rẹ̀ jókòó sí ọ́fíìsì kan tí yóò ti máa to fáìlì. Mo ní kí ó gbé fọ́ọ̀mù náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá onísólà tó wà ní àdúgbò Tankẹ̀ ní Ìlọrin, bí ilé-ìwé rẹ̀ bá ti gbà á, kí ó fi àwọn oṣù náà mọ bí iṣẹ́ ṣe rí lórí òrùlé ní ọ̀sán gangan, kí ó sì padà lọ parí ọdún kan tó kù pẹ̀lú kárí-ófà rẹ̀. Ó ní òun gbọ́. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ lóòótọ́ tàbí ó kàn bọ̀wọ̀ fún mi.

Ìgbà tí mo dìde láti máa lọ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá tó wà ní Tankẹ̀ yẹn, aago mélòó ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù?"