Kò fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ lọ

Tí wọ́n bá ń wàásù nípa àwọn ajẹ́rìíkú, àwọn tí wọ́n pa torí ìgbàgbọ́ wọn, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa níbí, bíi kìnnìún ni wọ́n máa ń pè wọ́n: akin tó dá dúró, tí kò nílò ẹnikẹ́ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ wo Perpetua àti Felicity, tí wọ́n pa ní Carthage, ní ilẹ̀ Tùnísíà òde òní, lọ́dún 203. Perpetua jẹ́ ọmọ ìdílé ńlá, ó ṣì ń fọ́mọ lọ́mú. Felicity ní tiẹ̀ jẹ́ ẹrú, oyún inú rẹ̀ sì ti di oṣù mẹ́jọ. Òfin Róòmù ìgbà yẹn kì í jẹ́ kí wọ́n pa aláboyún. Ẹlòmíì ì bá fi ìyẹn dúpẹ́. Ìbànújẹ́ ló bá Felicity, torí tí ọjọ́ tiẹ̀ bá yẹ̀, àárín àwọn ọ̀daràn tí kò mọ̀ rí ni yóò kú sí. Àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n pàápàá ò fẹ́ fi ẹnìkejì wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí gbogbo wọn jọ ń rìn. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n para pọ̀ gbàdúrà, bí wọ́n ṣe ń parí ni ìrọbí mú un. Ó bí obìnrin, arábìnrin kan sì gba ọmọ náà tọ́. Lọ́jọ́ ikú, màlúù ẹhànnà kan kọ lu Perpetua, ó gbé e ṣubú. Ó dìde, ó rí Felicity nílẹ̀, ó rìn lọ bá a, ó nawọ́ sí i, ó fà á dìde. Àwọn méjèèjì wá dúró pọ̀.

Èmi ò kúrò níbi ọwọ́ yẹn.

Kò sẹ́ni tó gbé idà sí mi lọ́rùn rí o, kẹ́ ẹ má baà ṣì mí gbọ́. Iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ojú tì mí, oṣù méjì ni mi ò fi dé ṣọ́ọ̀ṣì. "A ń gbàdúrà fún yín" kún WhatsApp mi fọ́fọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, màmá kan nínú ìjọ wa, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta wá bá mi. Ẹ̀wà tútù ló gbé dání. Ó ní, "Bàbá Tómi, gbé àwo wá, ojú mi ò rí òkúta mọ́." A jọ ṣa ẹ̀wà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò bi mí léèrè ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Mo lọ lọ́jọ́ kejì.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Leah Sharibu fi ń dùn mí. Ọmọbìnrin 110 ni àwọn Boko Haram kó lọ ní Dapchi, ní Yobe, ní February 2018. Márùn-ún kú. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá àwọn tó kù padà fún àwọn òbí wọn, wọ́n sì dá Leah dúró torí pé ó kọ̀ láti sẹ́ Kristi. Ọmọ ọdún 14! Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Felicity gan-an ló dé bá a.

Nígbà yẹn, kò sí ìṣọ́ òru tá ò ti ń dárúkọ rẹ̀. Físà Kánádà la ń gbàdúrà lé lórí báyìí. Níjọ́sí, màmá ẹlẹ́wà yẹn dìde láàárín òru, ó ní ká rántí Leah. Ọmọkùnrin tó di gbohùngbohùn mú wò ó títí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n ń pè ní Leah?"