Ọmọ sáyẹ́ǹsì náà níṣẹ́ nílé rédíò

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ pé kí ọmọ girama tó wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì gbàgbé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, pé Mass Communication, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, nìkan ló ń gbéni débẹ̀, pé ó sì nílò Lítíréṣọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi àwọn ọmọ lọ́nà.

Ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ là ń gbọ́, la fi rò pé òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó jókòó sídìí míksà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń darí ohùn, ńkọ́? Ojú ẹ̀ kì í kúrò lára àwọn iná kéékèèké tó ń bá ohùn lọ sókè sódò. Tí wọ́n bá ti pọ́n, ohùn ti fẹ́ máa fọ́ nìyẹn, á yáa fà á wálẹ̀. Ẹnjiníà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń gbé ètò jáde, físíìsì wà lára ohun tó kà. Láti ìgbà tí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ti bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 1959 nirú wọn ti wà níbẹ̀.

Mass Communication ọ̀hún gan-an, NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, ti tú u sí ẹ̀ka méje, títí kan ìpolówó ọjà àti fíìmù. Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín o: ọmọ tó bá ń lọ síbẹ̀, kó má fi Lítíréṣọ̀ ṣeré. Kó sì yẹ ìwé JAMB tó ń sọ sọ́bjẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń béèrè wò dáadáa kó tó forúkọ sílẹ̀.