Iṣẹ́ ayẹ̀wò sọ́fítíwià kọjá bọ́tìnnì títẹ̀
Mo ka àpilẹ̀kọ kan tó sọ pé kí a máa tẹ bọ́tìnnì kiri ni gbogbo iṣẹ́ ayẹ̀wò sọ́fítíwià. Rárá o! Bí àpótí tí a ń kọ ọjọ́ orí sí nínú sọ́fítíwià bá ní láti gba 18 sí 60, ẹni tó tẹ 35 nìkan kò tíì yẹ nǹkan kan wò. 17, 18, 60 àti 61 ni kí ẹ tẹ̀, torí ibi ààlà ni àṣìṣe ń sá pamọ́ sí: àwọn tó kọ sọ́fítíwià á kọ > (ó ju) níbi tó yẹ kí wọ́n kọ >= (ó ju tàbí ó bá a dọ́gba), ẹni ọdún 18 kò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Èyí tó ń dùn mí jù ni ìròyìn nípa àṣìṣe inú sọ́fítíwià tó kàn sọ pé “kò ṣiṣẹ́”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà sọ́fítíwià náà, gbogbo ohun tí ẹ tẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ẹ rí gan-an.